Sẹ́ntì kan péré: ta ló ń dá ìbò owó orí dúró ládùúgbò yín?

ÌyáÌbejì_Gwinnett: Ẹ kú ilé o. Ìbò owó orí ọjà fún ọkọ̀ èrò tún fìdí rẹmi ní Gwinnett tiwa ní Georgia níbí, ní oṣù kọkànlá 2024. 2019, rárá. 2020, rárá. Sẹ́ntì kan péré lórí dọ́là kan! Ta ló ti bá àwọn tó ń ṣètò láti da irú ìbò yìí rú pàdé? Ẹ sọ tiyín.

Awakọ̀Òru: Sẹ́ntì kan fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ sọ ọ́ tán, mà.

AráNashville: Ìbò ti 2018 ní Nashville níbí, ní Tennessee, lórí owó orí ọjà fún rélùwéè àti bọ́ọ̀sì, ṣojú mi. Gbogbo wa rò pé yóò wọlé: ọ̀gá ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníṣòwò ńlá náà wà níbẹ̀. Àfi bí àwọn Americans for Prosperity, ẹgbẹ́ tó ń tako owó orí, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn káàkiri. Ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ mi, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ó kàn bi mí bóyá mo mọ iye tí owó orí ọjà wa máa di. Ó tán! Àwọn tó fẹ́ rélùwéè ń fi àwòrán dídán hàn wá, kò sí ìkankan nínú wọn tó kan ilẹ̀kùn mi. Nǹkan bí 64 nínú 100 ló dìbò rárá.

Dókítà_Ìròyìn: Ẹ rọra o. Ọ̀gá ìlú yẹn, Megan Barry, fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìbò sì wáyé ní oṣù karùn-ún. Ṣé Americans for Prosperity ló fa ìyẹn náà? Ó sì wọlé ní Nashville ní 2024.

AráNashville: Ààbọ̀ sẹ́ntì ni ti 2024, ọjọ́ ìbò ààrẹ sì ni. Èrò pọ̀.

ÌyáÌbejì_Gwinnett: Ẹ ṣeun! Oṣù kẹta 2019 ni wọ́n fi tiwa sí, òun nìkan. Ta ló ń jáde dìbò ní oṣù kẹta? Ẹni tínú ń bí ni.

ỌmọẸ̀gbá: Ẹ̀yin ń pe ìyẹn ní alátakò? Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó obìnrin lọ sí ààfin lórí owó orí, Aláké fi ìlú sílẹ̀ ní 1949.

Dókítà_Ìròyìn: Ìbò dà níbẹ̀?

ỌmọẸ̀gbá: Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dì í.

Mesiọ̀gọ̀: Àgbẹ̀kọ̀yà ńkọ́?

Awakọ̀Òru: Ìbàdàn ti dé. Ẹ jẹ́ ká padà sí Georgia. Èmi dìbò rárá ní 2020, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn mi. Bọ́ọ̀sì ò dé ọ̀dọ̀ mi, kí ni mo fẹ́ máa sanwó fún?

ÌyáÌbejì_Gwinnett: Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe wá! Ìbò tó lé díẹ̀ ní 1,000 ló là wá láàárín lọ́dún yẹn. Mọ́mì ti Abẹ́òkúta dé, wọ́n jókòó sílé bí ẹni tí wọ́n há mọ́, àfi kí n ti ibi iṣẹ́ dé.

Awakọ̀Òru: Ìbò mi nìkan ló ju 1,000 ni?

Mesiọ̀gọ̀: Clayton, ní Georgia níbẹ̀ náà, gbà á ní 2014, bọ́ọ̀sì ń ná ibẹ̀. Ẹ kó lọ síbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Gwinnett: Ṣé ìwọ lo máa san owó ilé?