Lẹ́tà mẹ́rin ti pé lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo pàdánù: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó parí sí IGHT

Màmá Télọ̀, Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds ló kó Wordle, eré wíwá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ràn mí. Kí n tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán láàárọ̀, àpótí aláwọ̀ ewé rẹ̀ ti dé sórí WhatsApp: "Màámi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi mú un o. Ẹ̀yin ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ayé ń wá lójúmọ́, lẹ́tà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré lèèyàn lè gbìyànjú. Ọjọ́ 61 ni mi ò fi bọ́ rárá.

Ó wá di àná. Mo kọ AUDIO bí ìṣe mi, torí fáwẹ́lì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo sì gbà pé ẹni tó bá ti mọ fáwẹ́lì ti mọ ìdajì. I nìkan ló yọ ní yẹ́lò, ìyẹn ni pé ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ṣùgbọ́n kò sí níbi tí mo fi sí. Mo kọ SIGHT. Ẹ gbà mí! I, G, H, T di àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé ibi tó yẹ wọ́n gan-an ni wọ́n wà; S nìkan ló di eérú, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo pàtẹ́wọ́ débi pé ọmọṣẹ́ mi béèrè bóyá oníbàárà tó jẹ wá lówó aṣọ ìkómọ ti san án.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. LIGHT. Kì í ṣe òun. RIGHT. Rárá. NIGHT. Àyà mi ti ń já. FIGHT ni mo fi kádìí rẹ̀, òun náà kọ̀. Ni wọ́n bá ṣí ìdáhùn sójú mi: MIGHT. M! Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àdúgbò tí mò ń kọ sórí rìsíìtì lójoojúmọ́.

Ẹ bá mi dá sí i: ẹni tí lẹ́tà mẹ́rin ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún kù tó yẹ kó ṣe? Àbí orí ni wọ́n fi ń gbá a?

Ọmọ Yábà:

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Páńpẹ́ tó ti mú gbogbo wa rí nìyẹn. Inú yín dùn sí lẹ́tà mẹ́rin yẹn jù, ẹ ò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ mọ́.

Ẹ wò ó. AUDIO ti lé D dànù, S náà ti lọ. Àwọn tó wọ́pọ̀ tó kù ni EIGHT, FIGHT, LIGHT, MIGHT, NIGHT, RIGHT, TIGHT, ká tiẹ̀ fi WIGHT kún un, kò ná wa ní nǹkan kan. Mẹ́jọ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló sì kù fún yín. Bí ẹ bá ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ni ẹ ò ní fọwọ́ kàn rárá.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe òun. FLOWN. Ó kó F, L, W àti N pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá tàn nínú wọn ló ni ọ̀rọ̀ náà. Bí gbogbo wọn bá di eérú, ẹ kọ MERRY. M tàn, MIGHT ni. E tàn, EIGHT. R tàn, RIGHT. Kò sí èyí tó tàn, TIGHT ló kù. Ẹ ó mú un nígbà karùn-ún, ìkẹfà á wà nílẹ̀ bíi ṣéńjì.

Àmọ́ bí ẹ bá ti tan Hard Mode, kò ní gbà, torí ó máa fipá mú yín lo lẹ́tà tó ti di àwọ̀ ewé. Ẹ yáa pa á.

Àgbà Skrábù, Àkúrẹ́:

Àbúrò gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ló gé. AUDIO yẹn gan-an ni mo bá wí. Èrò Yorùbá ni. Lọ́dọ̀ tiwa, fáwẹ́lì ló ń gbé ọ̀rọ̀ ró, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í so kọ́ra. Ẹ wo bí a ṣe sọ BREAD di búrẹ́dì, CLASS di kíláàsì: a fi fáwẹ́lì há wọn láàárín. Gẹ̀ẹ́sì ò bìkítà. G àti H jókòó sínú MIGHT, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn wọn. Bẹ́ ẹ bá rí I nínú ọ̀rọ̀ wọn, ẹ ò tíì rí nǹkan kan, torí ibi gbogbo ló wà. Ẹ fi SLATE tàbí STERN bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rántí pé C, Q, V, X àti Z kò sí nínú A B D wa; mo ti ṣàkíyèsí ara mi, àwọn gan-an ni mo máa ń gbàgbé.

Fáwẹ́lì tiẹ̀ lè máà sí níbẹ̀ rárá: LYMPH, CRYPT, TRYST. Nínú Skrábù, bí Q bá dé sọ́wọ́ mi láìsí U, QANAT, FAQIR tàbí NIQAB ni mo máa ń wá ibi fún. Máàkì mẹ́wàá ni Q nìkan. NAIRA náà wà nínú ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Collins tí wọ́n ń lò níbi ìdíje, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jiyàn.

Ẹ má sì fojú kéré lẹ́tà márùn-ún. Ní 2015, ní Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere tiwa na Lewis Mackay ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní 4-0 nínú àṣekágbá ìdíje Skrábù àgbáyé. Ọmọ Áfíríkà kankan ò gbà á rí ṣáájú rẹ̀. FELTY wà lára ohun tó tẹ́ sílẹ̀ ní eré tó kẹ́yìn, máàkì 36. Ẹni tó bá lo lẹ́tà méje lẹ́ẹ̀kan ń gba ẹ̀bùn 50, ìyẹn ló máa ń wọ ọ̀pọ̀ ọ̀tayò lójú. Àwọn tiwa a máa fẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú tí yóò fi lẹ́tà gidi sílẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó jókòó sí ọ̀kánkán.

Abíkẹ́ Peckham:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n yìí, ojú-ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì téèyàn á tẹ IGHT sí, tó máa to gbogbo ẹ̀ síta. Ọkọ mi ń lò ó. Ó ní ìwádìí ni. Mo ní èrú ni. A ò tíì parí ẹ̀.

Màmá Télọ̀, Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá wa ní Àkúrẹ́, ẹ kú làákàyè. NIQAB! Mẹ́ta ni mo rán lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwọn ẹlẹ́hàá kan ní Sábó, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Abíkẹ́, èrú ni. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Mo dán ti Ọmọ Yábà wò lórí tábìlì lálẹ́ àná. Mo fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró kọ FLOWN gàdàgbà, iná bá lọ, mo bá tilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí ọmọṣẹ́ mi ò nu tábìlì. Ó tẹ́ léèsì funfun ìyàwó kan lé e, ó sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo máa gbé e sókè, FLOWN ti yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lódìlódì, O àti W nìkan ló ṣeé kà. Sátidé ni ìgbéyàwó. Mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n látàárọ̀, gbogbo ẹ̀ ti lọ, W ló kù. Mi ò tíì gbá ti òní.