Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra Camry hybrid tuntun, àbí kí n mú èyí tí ń lo bẹntiróò nìkan?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò dáadáa kí n tó náwó. Bódìjà ni mo ń gbé, Challenge sì ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi wà, nítorí náà inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìgboro ni mo ti ń jó èyí tó pọ̀ jù nínú epo mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń lọ ra ọjà l'Ékòó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó bẹntiróò kò jẹ́ kí n rí èrè jẹ mọ́.

Ọkọ̀ tuntun méjì ni mo ń wò lọ́dọ̀ oníṣòwò kan náà. Ọ̀kan jẹ́ Toyota Camry ọdún 2024, ẹ́ńjìnnì onílítà 2.5 tí ń lo bẹntiróò nìkan. Èkejì jẹ́ ti ọdún 2025, hybrid ni, ìyẹn èyí tó ní ẹ́ńjìnnì àti mọ́tò iná pọ̀. Ó ní kí n fi mílíọ̀nù mẹ́rin náírà lé owó ti àkọ́kọ́ bí mo bá fẹ́ hybrid. Bàbá Ìbejì kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní bátìrì rẹ̀ yóò kú lọ́jọ́ kan, owó òmíràn yóò sì gbé gbogbo ohun tí mo bá rí fi pamọ́ lórí epo mì. Ṣé ooru àti ojú ọ̀nà wa kò ní tètè ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́? Ṣé epo tí kò jó yẹn lè tó mílíọ̀nù mẹ́rin? Ṣé n kò sì ní máa wá iná NEPA kiri láti fi cháàjì rẹ̀?

Awakọ̀ London:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èyí tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: irú hybrid tí ẹ dárúkọ yìí kò nílò iná NEPA rárá. Bí ẹ bá ti ń tẹ bíréèkì, táyà ni yóò máa yí mọ́tò iná náà, mọ́tò yóò sì máa rọ iná sínú bátìrì, gẹ́gẹ́ bí dínámò kẹ̀kẹ́ ṣe ń tan iná. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Prius jáde ní Japan, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò. Àwa tí a ń gbé èrò níbí fẹ́ràn ọkọ̀ hybrid nítorí pé bí a bá dúró síbi iná pópó, ẹ́ńjìnnì yóò kú, amúlétutù yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ, nítorí iná bátìrì ni ó ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì. Nínú ooru Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì yóò máa jí lóòrèkóòrè láti fi iná kún bátìrì, ṣùgbọ́n kò ní máa jó epo láìdáwọ́ dúró.

Bàbá Mẹkáníìkì, Mushin:
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún yín. Ọkọ̀ yìí kò ní sítátà lọ́tọ̀, kò sì ní ọtanétọ̀ lọ́tọ̀, nítorí mọ́tò iná inú gíà rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bíréèkì rẹ̀ kì í tètè jẹ tán, nítorí mọ́tò náà ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ dídá ọkọ̀ dúró. Ẹ rí i pé àwọn ohun tí ó máa ń gbé yín wá sọ́dọ̀ wa ti dín kù.

Ibi tí ẹ̀rù Bàbá Ìbejì ti tọ́ ni ti ooru bátìrì. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì ńlá náà wà, fáànù kan sì ń fa afẹ́fẹ́ tútù inú ọkọ̀ lọ síbẹ̀ láti ẹnu ihò kékeré kan lẹ́bàá ìjókòó náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, bí ẹ bá di ẹrù ànkárá lé ẹnu ihò yẹn, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá dí asẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì nù ún, bátìrì yóò máa gbóná láìsí ẹni tó mọ̀, yóò sì tètè gbó. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n fọ asẹ́ náà nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì.

Èkejì ni ọwọ́ ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Wáyà aláwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ ń gbé iná tó ju 200 fóòtì lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò wọ ìbọ̀wọ́ tí iná kì í gbà kọjá, yóò yọ ohun tí ń já iná bátìrì ńlá náà, yóò sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Rẹwáyà tí kò bá mọ èyí, ẹ má jẹ́ kó dé ìdí rẹ̀, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ àti nítorí ọkọ̀ yín. Ẹ sì rántí pé bátìrì kékeré onífóòtì 12 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kò ní tàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná kún inú ti ńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì máa pariwo pé bátìrì hybrid ti kú, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Akáǹtì, Abẹ́òkúta:
Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, Camry bẹntiróò 2024 ń rin máìlì 28 lórí gálọ́ọ̀nù wọn kan nínú ìgboro, ó sì ń rin 39 lórí ọ̀nà márosẹ̀; hybrid 2025 tí wọ́n ń pè ní LE ń rin 53 nínú ìgboro àti 50 lórí ọ̀nà márosẹ̀. Bí a bá yí i sí ti wa, kílómítà 100 nínú ìgboro yóò gba lítà 8.4 lọ́wọ́ àkọ́kọ́, yóò sì gba 4.4 lọ́wọ́ hybrid. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, 6.0 àti 4.7 ni. Gọ́sìlò àti kòtò wa yóò mú kí méjèèjì mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgboro ni ìyàtọ̀ ti pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ènìyàn ń wa kílómítà 20,000 lọ́dún, tí lítà kan sì jẹ́ ₦1,000. Ẹni tí kì í kúrò nínú ìgboro yóò dín bíi ₦800,000 kù lọ́dún, mílíọ̀nù mẹ́rin rẹ̀ yóò sì padà wọlé ní ọdún márùn-ún. Ẹni tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nìkan ni tirẹ̀ yóò dín bíi ₦260,000 kù, yóò sì lò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó rí owó rẹ̀ padà. Ìgboro ni tiyín, Ìyá Ìbejì, nítorí náà ó lérè, ṣùgbọ́n ẹ ná an. Bí ó bá gba mílíọ̀nù mẹ́ta, kò ní pé ọdún mẹ́rin.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston:
Mo fẹ́ kí a má gbàgbé ìwé ìdánilójú. Ní Amẹ́ríkà níbí, láti orí ọkọ̀ ọdún 2020 ni Toyota ti ń dúró fún bátìrì hybrid fún ọdún mẹ́wàá tàbí máìlì 150,000, ìyẹn bíi kílómítà 240,000. Ẹ má ṣe rò pé ìdánilójú yẹn yóò bá ọkọ̀ tí oníṣòwò kan dá kó wọlé fúnra rẹ̀ rìn. Ẹ bi í ta ni yóò dúró fún bátìrì náà ní Nàìjíríà, fún ọdún mélòó, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, èmi ì bá mú ti 2024, kí n sì sùn láìsí àníyàn.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Òótọ́ ni pé orí ìjókòó ẹ̀yìn ni mo máa ń di ẹrù sí. Bàbá wa ní Mushin, àgbàrá máa ń gba ọ̀nà wa bí òjò bá rọ̀ púpọ̀. Ṣé kò ní ba bátìrì abẹ́ ìjókòó yẹn jẹ́? Kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Bàbá Mẹkáníìkì, Mushin:
Bátìrì náà wà nísàlẹ̀, nítorí náà bí omi bá ti wọ inú ọkọ̀, ẹ má tan án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Ojú ọ̀nà tí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ omi rẹ̀, ẹ yípo. Inú búùtù ni kí ẹ máa di aṣọ sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sókè, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà wà lára àwọn bóòtì ìjókòó, nítorí wọ́n máa ń fọ ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ mọ́, wọn a sì tà á ní tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ oníṣòwò náà kí ó jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ náà gba Dùgbẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tan amúlétutù, kí ẹ sì máa wo iye epo tó ń jó lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń ka àrùn ọkọ̀ dání, kí ó yẹ bátìrì ńlá náà wò. Ọ̀rọ̀ ìwé tí ọmọ Ẹ̀gbá sọ tọ́, ṣùgbọ́n n kò ní torí rẹ̀ nìkan kọ hybrid sílẹ̀: bí ẹ bá ti rí ẹnì kan ní Ìbàdàn tí ó kọ́ iṣẹ́ hybrid, tí ẹ sì ti bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, èyí tí mo bá ra fún ìyàwó tèmi náà nìyẹn.