Ṣé ilé ìtọ́jú ni àbí yàrá kan? Àbúrò mi tó ní wárápá

Adéṣọlá, Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 27, ní wárápá. Ọ̀dọ̀ màmá wa ló ń gbé, àmọ́ màmá ti pé 71, wọn ò lè dá a gbé nílẹ̀ mọ́. Tegretol, oògùn wárápá, ló ń lò. Ó máa ń mú un bí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, òru ló pọ̀ jù. Àwọn kan ní ká mú un lọ sílé ìtọ́jú, àwọn kan ní ká gba yàrá fún un l'Ọ́bàntokò, ká wá ẹni tí yóò máa bá a gbé. Èwo ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé
Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òru ló ń mú un, ta ló máa gbọ́? Ìyẹn lẹ máa kọ́kọ́ bi ilé ìtọ́jú. Ẹ má wo kíkùn ilé. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru júwe ohun tó máa ṣe bó bá mú un ní aago méjì. Tó bá ní òun á dì í mú, tàbí òun á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ yáa máa bọ̀ nílé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á wo aago, á kó nǹkan líle kúrò nítòsí, á fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá ti dáwọ́ dúró, á dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó tún mú un kí ojú rẹ̀ tó là, ẹ gbé e lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà.

Bàbá Rìdwán
Bó bá jẹ́ yàrá, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ ní kí káfíńtà yí ilẹ̀kùn bàlùwẹ̀ kó máa ṣí síta: bó bá ṣubú sẹ́yìn èyí tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ gan-an ló máa dí ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹ yọ irin tí wọ́n fi ń tì í látinú. Ilẹ̀ ni kí mátíràsì wà. Kó jókòó sórí àpótí wẹ̀. Tó bá fẹ́ bu ọbẹ̀, kó gbé abọ́ lọ bá ìkòkò. Kó má gbé ìkòkò gbígbóná kiri. Kànga tí kò ní ìdérí, ẹ yẹra fún un. Àmọ́ ẹ má sọ géńdé di ẹlẹ́wọ̀n o. Ẹ ò tilẹ̀ tíì sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Olóògùn Ìtòkú
Mo gba ti Bàbá Rìdwán, ṣùgbọ́n ẹ ti ń wá ilé kẹ́ ẹ tó mọ ìdí tó fi ń mú un lóòrèkóòrè. Ó lè jẹ́ pé oògùn kò tó, ó sì lè jẹ́ pé ó ń fò ó. Ẹ mú un padà lọ rí dókítà. Ẹ ka hóró tó kù nínú páálí, kẹ́ ẹ fi wé ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹ má jẹ́ kó tán pátá kẹ́ ẹ tó ra òmíràn, torí pé dídá a dúró lójijì lè mú kí wárápá máa tẹ̀ lé ara wọn. Tramadol àti ọtí, rárá. Àgbo ìtọ̀ màlúù pàápàá, ó ń pààyàn.

Alàgbà Kẹ́hìndé
Ẹ fi kún un pé kí alábòójútó ní ìwé: ọjọ́, aago, ìṣẹ́jú mélòó, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Fídíò kékeré lórí fóònù tún dáa fún dókítà. Bíbá ará ilé gbé kì í ṣe tuntun níbí: ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé l'Áró, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tó ń tọ́jú wọn.

Adéṣọlá
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka hóró náà lónìí, ó ṣẹ́ kù ju bó ṣe yẹ lọ. Màmá ní àwọn ń fún un ní ti àárọ̀ nìkan, pé ti alẹ́ máa ń mú un sùn jù.

Olóògùn Ìtòkú
Hẹ̀n-ẹ́n! Òru sì ló ń mú un. Ẹ má fúnra yín bẹ̀rẹ̀ ti alẹ́ padà o. Ẹ sọ fún dókítà gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la, kẹ́ ẹ mú páálí náà dání.