Àwo blues tí wọ́n kọ "live" sí lára: báwo lẹ ṣe ń dá ojúlówó mọ̀?

Aláwo_Ìbàdàn
Ẹ káàárọ̀ o. Àwọn àwo àkópọ̀ blues tí olórin márùn-ún mẹ́fà máa ń wà lórí ẹ̀, tí wọ́n á ní ojú agbo làwọn ti gbà á, kí lẹ máa ń fetí sí kí ẹ tó gbà pé òótọ́ ni? Kálukú kó sọ bó ṣe ń ṣe é. Àwo ni mo wí o, kì í ṣe fídíò.

Elétí_Ajá
Orí èyí tí ilé iṣẹ́ àwo Argo gbé jáde ní 1963 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Folk Festival of the Blues. Kíláàbù Copacabana ní Chicago, oṣù keje ọdún yẹn. Big Bill Hill, ará rédíò, ló ń pe àwọn olórin jáde, ẹgbẹ́ Buddy Guy ló ń lù lẹ́yìn wọn, Muddy Waters àti Howlin' Wolf sì kọrin. Títí débẹ̀, kò séwu. Ìgbà tó bá kan Bring It On Home ti Sonny Boy Williamson ni kí ẹ ti dúró. Sítúdíò Chess ni wọ́n ti gba ìyẹn, wọ́n wá da àtẹ́wọ́ lé e. Èrò tó wà nídìí eré máa ń dá sí eré: hàmóníkà á dákẹ́ lójijì, ẹnì kan á ké. Àwọn tibí ò mọ ohun tó ń lọ rárá, bí òjò àrọ̀ìdá ni wọ́n ṣe ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọmọ_Onígìtá
Sonny Boy tó kú ní 1948 ló wá kọrin ní 1963? Ẹ̀yin èèyàn yìí!

Elétí_Ajá
Èèyàn méjì ló jẹ́ orúkọ yẹn, àbúrò. John Lee Williamson ni wọ́n pa ní Chicago ní oṣù June 1948. Rice Miller ni èyí tí à ń wí, 1965 lòun kú, ní Helena, Arkansas.

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Rice Miller tó jí orúkọ gbé nígbà tí olórúkọ ṣì wà láyé, tó ń fi í polówó ìyẹ̀fun lórí rédíò láti 1941. Tó tún ń sọ pé òun gan-an ni àkọ́kọ́!

Ọmọ_Onígìtá
Ó ṣáà mọ hàmóníkà fọn ju ẹni tó jí i lọ́wọ́ ẹ̀ lọ.

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Irọ́! Ohun tí John Lee ṣe fún hàmóníkà ní Chicago, gbogbo wọn ló kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ gbọ́ àwọn àwo rẹ̀ ti 1937 ná.

Wáyà_Gígùn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí àtẹ́wọ́. Etí lè tanni. Ẹ gbé orin náà sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ohùn, kó jẹ́ WAV tàbí FLAC (irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù). Ẹ ya òsì àti ọ̀tún sọ́tọ̀, kí méjèèjì di mono (ohùn ọ̀kan ṣoṣo). Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, ẹ lo Invert (èyí tó ń yí ìgbì ohùn dorí kodò) fún un, kí ẹ wá pa méjèèjì pọ̀. Ohun tó bá dọ́gba lápá méjèèjì á pa ara ẹ̀ rẹ́. Bí gìtá, ìlù àti ohùn bá pòórá pátá, tó ku kìkì àtẹ́wọ́, a jẹ́ pé mono ni orin, àtẹ́wọ́ stereo (tí òsì àti ọ̀tún ẹ̀ yàtọ̀) ni wọ́n wá dà lé e. Ẹjọ́ ti tán.

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Kò tíì tán, ọmọ mi. Bí wọ́n bá fi àtẹ́wọ́ mono lé orin mono, gbogbo ẹ̀ ló máa pòórá, o ò ní rí nǹkan kan dì mú. Ohùn olórin nìkan tó bá pòórá kì í sì í ṣe ẹ̀rí, àárín ni wọ́n sábà máa ń fi ohùn sí nínú stereo tòótọ́ náà. Ìlù ni kí o wò. MP3 ńkọ́? Ó máa ń ṣẹ́ ìdọ̀tí kù sílẹ̀ tí ò sí nínú orin. Bó bá sì jẹ́ LP (àwo ńlá tí abẹ́rẹ́ ń kà) lo fi ṣe é, bí apá kan abẹ́rẹ́ bá fi dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) kan péré ga ju ìkejì lọ, kò ní parẹ́ tán.

Wáyà_Gígùn
Òótọ́ ni, mà. Fún mono sí mono, ohùn iná ni mo máa ń lò, ìyẹn hùn-ùn tí iná mànàmáná ń fi sínú ohun tí wọ́n gbà. Nígbà tí ẹ̀rọ gìtá bá wà ní títàn tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì lu nǹkan, ẹ yan ìṣẹ́jú àáyá méjì níbẹ̀, ẹ ṣí Plot Spectrum (ibi tí Audacity ti ń fi ìró tó wà nínú ohùn hàn), ẹ fi size sí 65536. Iná Amẹ́ríkà ń hùn ní 60 Hz (ìgbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti 120, ti Jámánì ní 50 àti 100. Ẹ ti rí i pé èyí wúlò fún American Folk Blues Festival tí Horst Lippmann àti Fritz Rau bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1962. Bremen ni wọ́n ti gba àwo ti 1963, Hamburg ni ti 1964. Bí orin kan nínú ẹ̀ bá ń hùn ní 60, ẹ bèèrè ibi tó ti wá.

Ohùn iná tún ń sọ bí tépù ṣe ń sáré. Bí ohùn iná Chicago bá bọ́ sí 61.8, tépù ti fi 3% yára jù, gbogbo orin ti ga ní ìdajì sẹ́mítónù (ìgbésẹ̀ láàárín bọ́tìnnì dùùrù méjì tó tẹ̀ léra). Ẹ lọ sí Change Speed, ẹ fi -2.91 sí i.

Ọmọ_Onígìtá
Àwo Chicago tó wá ń hùn ní 50 lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ṣé Bremen ni Muddy wà ni?

Wáyà_Gígùn
Ilé rẹ ló wà 😂. Iná NEPA ni 50. Gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, má fọwọ́ kan ìwọ̀n ohùn, gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sílẹ̀. Hùn-ùn tó bá ṣì wà níbẹ̀, ti ẹ̀rọ rẹ ni. Lọ wo wáyà tín-ín-rín tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ agbáwo, èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara anpilifáyà. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó ti tú.

Aláwo_Ìbàdàn
Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Wáyà_Gígùn
Má fi gba àwo sílẹ̀ rárá. Bí fíríìjì bá ṣe ń tàn tó ń kú ni ohùn iná á máa lọ sókè sódò, 49, 52, 51. Eré àwo náà lè yí bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ tí mọ́tò ẹ̀ ń tẹ̀ lé iná.

Àjàó_Sọ́ọ̀lẹ̀
Live play ilé ayẹyẹ tiwa ò ní wàhálà yìí. Ta ló fẹ́ ṣe ayédèrú orúkọ gbogbo àwọn tí olórin ń kì tí wọ́n ń náwó?

Elétí_Ajá
Ọgbọ́n wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn o. Ohun tí olórin bá sọ fún èrò láàárín orin ṣòro láti dọ́gbọ́n sí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ẹni tó ń pe olórin jáde, wọ́n lè gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ síwájú orin mìíràn. Bó ṣe rí lára From Spirituals to Swing nìyẹn: eré gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York, December 1938 àti December 1939, tí ilé iṣẹ́ àwo Vanguard gbé jáde ní 1959. Orin sítúdíò wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n fi àtẹ́wọ́ lé. Robert Johnson, olórin blues, ni John Hammond tó ṣètò eré náà fẹ́ mú wá ní 1938, ó gbọ́ pé Johnson ti kú láti August, ló bá fi àwo rẹ̀ kọrin lórí ìtàgé, Big Bill Broonzy sì rọ́pò ẹ̀.

Ọmọ_Onígìtá
Àwo ni wọ́n fi kọrin fún èrò nínú Carnegie Hall? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún gírámáfóònù?!

Àjàó_Sọ́ọ̀lẹ̀
DJ àkọ́kọ́.

Aláwo_Ìbàdàn
Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ gba LP ti Hamburg sí kọ̀ǹpútà. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Fọ àwo kó gbẹ dáadáa. Abẹ́rẹ́, gíráàmù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ni kó o tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ wà láàárín 1.5 sí 2. Gbà á ní 24-bit, kí ibi tó ga jù má kọjá -6 dB. Àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe jù ni Noise Reduction (irinṣẹ́ Audacity tó ń yọ ariwo). Wọ́n á lọ mú àpẹẹrẹ ariwo láàárín orin méjì, bẹ́ẹ̀ èrò ló wà níbẹ̀! Àtẹ́wọ́ àti ariwo àwo jọra lójú kọ̀ǹpútà, ó máa gé àwọn méjèèjì, èrò á wá máa dún bí ẹni pé wọ́n wà lábẹ́ omi. Ojú ìlà tó ṣáájú orin àkọ́kọ́ ni kó o ti mú un, má sì kọjá 6 dB.

Wáyà_Gígùn
Ibi tó o máa gé orin sí náà. CD ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí 75, samples (èérún ohùn) 588 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o ò bá gé e sórí ìlà yẹn, á ta kẹ́ láàárín àtẹ́wọ́. Lo FLAC. MP3 máa ń fi òfìfo sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, èrò á dákẹ́ lójijì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Àjàó_Sọ́ọ̀lẹ̀
Èmi á kúkú gé gbogbo àtẹ́wọ́ yẹn dànù. Orin ni mo rà.

Ìyá_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Lọ ra ti sítúdíò nígbà yẹn.

Elétí_Ajá
Bó o bá máa gé e, ṣe fade (kí ohùn máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀) tó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó o sì fi ohun tí Sonny Boy ń sọ kó tó fọn hàmóníkà sílẹ̀. Èyí tó kú ní 1965 ni mo wí o.

Ọmọ_Onígìtá
Olè orúkọ ni, ẹ dárúkọ rẹ̀ dáadáa.