Gbígbó ni bébà inú tirafọ́mà ń gbó, kì í ṣàìsàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó kọ̀wé ṣáájú dábàá pé kí á máa pe ohun tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná jò láti ara wáyà kan bọ́ sí òmíràn ní "ìdènà iná", kí á sì máa pe yíyẹ̀ ẹ́ wò nínú tirafọ́mà tó ti pẹ́ ní "àyẹ̀wò ìlera ìdènà iná". Mo kí wọn fún akitiyan náà, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ méjèèjì wọlé.

"Ìdènà iná" kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ kọ ọ́ sára ògiri ní Ìdúmọ̀tà, garawa iyanrìn ni ará ọjà yóò máa wá. "Bó èèpo wáyà yẹn" ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá oníná. Ẹ jẹ́ kí á mú "èèpo" lò.

Orí "ìlera" gan-an ni ìjà mi wà. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Múṣín tí wọ́n ti ń wé kọ́ìlì tirafọ́mà, mo rí wáyà bàbà tí wọ́n fi bébà wé ní ìpele ìpele, bí ewé ṣe ń wé ẹ̀kọ; bébà yìí ni èèpo inú tirafọ́mà. Ọ̀gá ṣẹ́ bébà tuntun po, kò ya; èyí tó bó kúrò lára kọ́ìlì àtijọ́ ti dúdú, ó sì rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Epo tirafọ́mà, èyí tí kọ́ìlì náà ń wà nínú rẹ̀, ṣeé sẹ́, ó ṣeé fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ó tilẹ̀ ṣeé pààrọ̀, nítorí náà bí ẹ bá ní ara epo le, mo gbà. Bébà kò rí bẹ́ẹ̀: fọ́nrán rẹ̀ dà bí ẹ̀wọ̀n gígùn tó ní nǹkan bí 1,000 oríkèé nígbà tó wà ní tuntun, ooru àti omi a sì máa já a sí wẹ́wẹ́, bó bá ku nǹkan bí 200, agbára rẹ̀ tán, kò sì sẹ́ni tí yóò so ó padà.

"Gbó" ni Yorùbá ní fún irú èyí, kì í sì í ṣe "pẹ́": aṣọ inú àpótí lè pẹ́ kó má gbó, bẹ́ẹ̀ ni tirafọ́mà tó lo ọdún 20 lábẹ́ ẹrù iná àpọ̀jù lè gbó ju èyí tó fi ọdún 40 ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lọ. Nítorí náà, "àyẹ̀wò gbígbó èèpo" ni mo dábàá.

Bí a kò bá tú kọ́ìlì, epo ni a ń bi léèrè ohun tí ojú bébà rí: a ó bu díẹ̀, a ó wá fúránì, ìyẹn kẹ́míkà tí bébà tó ń já máa ń tú sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pààrọ̀ epo lóṣù tó kọjá, ọ̀pọ̀ fúránì ti bá epo àtijọ́ lọ. Epo tuntun á ní ara òun le, bébà tó gbó á sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà.