Níbo ni "t" inú "wert" ti wá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹ forí jì mí bó bá gùn díẹ̀.

Àlàyé ráńpé ni mò ń kọ fún àwọn tó ń ka Bíbélì King James ti 1611, "wert" (ọ̀rọ̀ ìṣe "be", ìyẹn "jẹ́" tàbí "wà", bí wọ́n ṣe ń lò ó pẹ̀lú "thou", ìyẹn "ìwọ") ló sì dá mi dúró. Ṣáájú 1100, "þū wǣre" ni wọ́n ń sọ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó padà di "thou were". Kò sí "t" níbẹ̀ rárá. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni "wast" àti "wert" tó wá wọ́pọ̀.

Mo ti yẹ "art", "shalt" àti "wilt", tí àwọn náà ń tẹ̀lé "thou", wò: "t" tiwọn ti wà látilẹ̀, nínú "eart", "scealt" àti "wilt". Mo tún ro ti "-est" tó ń parí ọ̀rọ̀ ìṣe lẹ́yìn "thou", bíi ti inú "lovedest", ṣùgbọ́n "werest" ni ìyẹn ìbá bí. Ìlò "wast" àti "wert" náà lọ́jú pọ̀. Ìfihàn 3:15 fi "wert" sọ ohun tí à ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, Mátíù 26:69 fi "wast" sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ní 1820, akéwì Gẹ̀ẹ́sì Shelley kọ "Bird thou never wert", láìsí "bí" tàbí ìfẹ́ ọkàn kankan níbẹ̀ (ó fẹ́ kó bá "heart" dún pọ̀ ni, lójú tèmi).

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ara "art" àti "shalt" gan-an ni "wert" ti mú "t" yìí, àbí "wast" ló kọ́kọ́ gbà á, tí "wert" wá wò ó ṣe? Àpẹẹrẹ láti inú ìwé tó ṣáájú 1550 ni yóò wúlò jù. Mo dúpẹ́ ṣáájú.