Ìmúdójúìwọ̀n àbí ìpààrọ̀? Ta ló sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni ká máa pe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ Linux ń ṣe nígbà tó bá ń wá ẹ̀yà tuntun àwọn sọ́fítíwíà orí rẹ̀, tó sì ń fi wọ́n rọ́pò ti àtijọ́, láìsí ẹni tó jókòó tì í? Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dábàá “ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe”. Ẹlòmíràn ní “ìsọdọ̀tun” rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta ní ká yéé da ara wa láàmú, ká kọ “ọ́púdéètì” bí a ṣe ń pè é lẹ́nu. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ sọ tèmi, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ṣi ẹnì kan tí mò ń kọ́ níṣẹ́ lọ́nà rí, èmi ni mo sì kọ ìwé tó ṣì í lọ́nà.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo kọ fún un ní Yorùbá, bí yóò ṣe máa tọ́jú ẹ̀rọ Debian méjì. (Irú Linux kan ni Debian, apt sì ni irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú sọ́fítíwíà orí rẹ̀.) Ìlà àkọ́kọ́ ní: “Ṣe ìmúdójúìwọ̀n láràárọ̀”, mo sì kọ `apt update` sábẹ́ rẹ̀. Ìlà kejì ní: “Ṣe ìmúdójúìwọ̀n àwọn ìdì”, mo kọ `apt upgrade` sábẹ́ ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà pé àtúnsọ ni ìlà kejì. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń tẹ àṣẹ àkọ́kọ́ láràárọ̀, kò fi ọjọ́ kan jẹ́. Ọjọ́ tí mo wá jókòó ti ẹ̀rọ náà, tí mo tẹ `apt update`, ó kọ ọ́ sójú fèrèsé pé ìdì 94 ló wà tí a lè gbé ga. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wo nọ́ńbà náà, ó wò mí, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo ti mú un dójú ìwọ̀n láàárọ̀ yìí?” Òun ló jàre. Ohun tí mo kọ ló ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìdì ni mo ń pe package, nítorí pé fáìlì púpọ̀ ni a dì pọ̀ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré tó sọ orúkọ ìdì náà, ẹ̀yà tó jẹ́, àti àwọn ìdì mìíràn tó gbára lé. Àká ni mo ń pe ibi tí a kó wọn jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó bá wa jiyàn lórí méjèèjì, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Bí ẹ bá tẹ `apt update`, ẹ̀rọ á lọ sí àká, á gba àkọsílẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀, á yẹ òǹtẹ̀ ara rẹ̀ wò bóyá ojúlówó ni, á sì tọ́jú àkọsílẹ̀ náà. Ó parí. Kò sí ìdì kan ṣoṣo tó yí padà. `apt upgrade` ló máa ń fi àkọsílẹ̀ yẹn wé ohun tó wà nílé, tó máa ń kó ìdì tuntun wá, tó sì máa ń fi í sí àyè èyí tó ti gbó. Ìròyìn ni ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni ti èkejì.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì, ká wá ọ̀rọ̀ méjì fún ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n ní. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò fẹnu kò. Lórí Fedora, irú Linux mìíràn tó ń lo dnf dípò apt, `dnf update` àti `dnf upgrade` kò yàtọ̀ rárá, méjèèjì ló ń kó ìdì tuntun wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kàn mọ ohun tó wà nílẹ̀, `dnf check-update` ni ẹ ó tẹ̀. Ohun tí Debian ń pè ní “update” kì í ṣe ohun tí Fedora ń pè bẹ́ẹ̀. Arch, irú Linux kẹta, kò lo ọ̀rọ̀ rárá: lẹ́tà ni pacman, irinṣẹ́ tirẹ̀, ń gbà, `y` fún àkọsílẹ̀, `u` fún ìdì, wọ́n sì ń kìlọ̀ pé kí a tẹ̀ wọ́n pọ̀ ní `-Syu`, kí ẹnikẹ́ni má gba àkọsílẹ̀ tuntun kó wá fi ìdì ẹyọ kan kún un, kó fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ìdàrúdàpọ̀ wọn la ó gbé wọlé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló yẹ ká sọ lórúkọ.

Fáìlì kan wà lórí Debian àti Ubuntu, irú Linux tí a kọ́ lórí Debian, tó là mí lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. `20auto-upgrades` lorúkọ rẹ̀, inú `/etc/apt/apt.conf.d` ló wà. Ìlà méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀:

`APT::Periodic::Update-Package-Lists "1";`
`APT::Periodic::Unattended-Upgrade "1";`

Iye ọjọ́ ni nọ́ńbà ìparí: 1 jẹ́ ojoojúmọ́, 7 jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, 0 jẹ́ pé kó má ṣe é rárá. Ẹni tó bá fi 1 sí ìlà àkọ́kọ́, tó fi 0 sí èkejì, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa gba ìròyìn lójoojúmọ́, kò sì ní fọwọ́ kan ìdì kankan. Ẹ wá gbìyànjú láti túmọ̀ ìlà méjèèjì pẹ̀lú “ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe”, kí ẹ wo ohun tí ẹ ó kọ sí ìkejì. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ya iṣẹ́ méjì náà sọ́tọ̀.

Nítorí náà, àbá mi fún ti àkọ́kọ́ ni “gba àkọsílẹ̀ àká”. Kò dára tó orin, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló sọ. Mo kọ́kọ́ ronú sí “yẹ àká wò”, mo fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹni tó yẹ àká wò ti wọ inú rẹ̀ lọ, ó ti tú ẹrù wò. Ẹ̀rọ kò tú ẹrù kankan, ìwé ló gbà bọ̀.

Fún ti èkejì, “pààrọ̀” ni mo mú. A ń pààrọ̀ táyà, a ń pààrọ̀ aṣọ: èyí tó gbó kúrò, tuntun dé àyè rẹ̀, mọ́tò sì ń jẹ́ mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdì rí. Gírámà rẹ̀ tún rọ̀ wá lọ́rùn. “Mú dójú ìwọ̀n” fẹ́ kí a fi nǹkan sáàárín rẹ̀: mú *ìdì yìí* dójú ìwọ̀n. Bí ó bá dé orí bọ́tìnì tí kò sí àyè, a ó rí “Múdójúìwọ̀n” tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Àmọ́ “Pààrọ̀” dá dúró lórí bọ́tìnì, ó sì gba ohunkóhun lẹ́yìn: pààrọ̀ ìdì, pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ènìyàn méjì tún lè pààrọ̀ ìwé láàárín ara wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ “ó pààrọ̀ táyà” tó béèrè pé ta ló gba èyí tó yọ.

“Ìgbéga” ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, kí a má fi í ṣòfò. Ẹ̀yà Debian tó dúró ṣinṣin (stable) kì í sábà gbé ìdì rẹ̀ ga nígbà tí wọ́n bá rí ihò ààbò nínú rẹ̀. Wọ́n á dí ihò náà lórí ẹ̀yà tó wà nílẹ̀, wọ́n á fi `+deb12u1` tàbí irú rẹ̀ sí ìdí nọ́ńbà rẹ̀, ìyókù á wà bó ṣe wà. A ti ní ọ̀rọ̀ fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn aránṣọ ni: àbùlẹ̀. “Àbùlẹ̀ ààbò” yé ẹnikẹ́ni tó ti rí ṣòkòtò tó ya lórúnkún. Ẹ jẹ́ ká fi “ìgbéga” sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ̀rọ bá kúrò lórí Debian 12, tó jáde ní 2023, bọ́ sórí Debian 13, tó jáde ní 2025. Ìyẹn gan-an ni gígòkè.

“Ìsọdọ̀tun” kò bá a mu. A ń sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tán, ìwé náà kò sì yí padà, ọjọ́ orí rẹ̀ la fi kún. Ní ti “ọ́púdéètì”, n kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Ọ̀rọ̀ àyálò ni táyà, òun náà ni bọ́tìnì, mo sì ti lo méjèèjì níhìn-ín. Àbùkù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń fi í pè. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ì bá ṣe àṣìṣe kan náà.

N kò ní kí a lé “ìmúdójúìwọ̀n” jáde nílé. Ipò ni kó máa jẹ́, kó má jẹ́ iṣẹ́. “Ẹ̀rọ yìí dójú ìwọ̀n” jẹ́ gbólóhùn tó dán mọ́rán, ó sì ní ìgbà tó tọ́ láti sọ ọ́. Bí a bá pààrọ̀ kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux fúnra rẹ̀, fún àpẹẹrẹ, tuntun ti wà nínú dísìkì, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ìrántí ẹ̀rọ títí a ó fi pa á tí a ó tún un tàn. Debian àti Ubuntu á fi fáìlì `/var/run/reboot-required` sílẹ̀ láti fi ránni létí. Ẹ̀rọ náà kò sì ní tún ara rẹ̀ tàn àyàfi bí ẹni tó ni ín bá yí `Automatic-Reboot` sí “true”. Ìpààrọ̀ ti parí, ẹ̀rọ kò tíì dójú ìwọ̀n. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjì ṣe ń ràn wá lọ́wọ́ níbi tí ọ̀kan kò ti tó.

Èyí tó ká mi lára jù ni “aládàáṣe”. “Dá” nínú rẹ̀ ní apá méjì: ẹni tó ṣe nǹkan láìsí olùrànlọ́wọ́, àti ẹni tó ṣe nǹkan láìbi ẹnikẹ́ni. Apá kejì ni mò ń sá fún. Bí ẹnì kan bá ń jáde nílé, tó sọ fún ọmọ pé “bí òjò bá ṣú, kó aṣọ wọlé”, tí òjò ṣú, tí ọmọ sì kó aṣọ, kò sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ náà dá a ṣe. Àṣẹ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó pa á ni kò sí nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wa rí. Orúkọ tí Debian fún ìdì tó ń ṣe iṣẹ́ náà, `unattended-upgrades`, kò sọ pé ẹ̀rọ ń dáṣe. Ó sọ pé kò sí ẹni tó dúró tì í.

Àṣẹ náà sì ní ààlà. Nínú `50unattended-upgrades` ni ẹni tó ni ẹ̀rọ ti ń kọ àwọn àká tó fọwọ́ sí. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní mú nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ xz, sọ́fítíwíà tí a fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, fi ìdí tí ààlà yìí fi ṣe kókó hàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024 ni Andres Freund, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, kéde pé wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àjèjì lè gbà wọ inú ẹ̀rọ, pamọ́ sínú ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1 rẹ̀. Kò dé ẹ̀yà Debian tó dúró ṣinṣin. Àwọn ẹ̀ka tó ń tètè gba ohun tuntun, testing àti unstable, ló ti wọ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ méjì, kí ọ̀kan máa gba àbùlẹ̀ ààbò nìkan láti ẹ̀yà tó dúró, kí èkejì máa gba ohunkóhun tó bá dé láti unstable. “Aládàáṣe” ni àwọn méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àṣẹ tí a pa sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bo àṣẹ yẹn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà mo dábàá “ìpààrọ̀ àpàṣẹsílẹ̀”. Ó gùn, mo gbà. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó kù ló bá a wọlé: a pàṣẹ ìpààrọ̀ sílẹ̀, a yí àṣẹ padà, a gba àṣẹ padà. Kò sí èyí tí a ní láti tún hun. Ní àwọn iṣẹ́ mìíràn tí “aládàáṣe” ti fìdí múlẹ̀ sí, bíi ilẹ̀kùn tó ń ṣí bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, kó dúró síbẹ̀.

Ó ku `apt-mark hold`, tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má pààrọ̀ ìdì kan pàtó. “So ìdì mọ́lẹ̀” ni mo ń lò, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù kó sọ ọ́.

Gbólóhùn mẹ́ta rèé tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dán wò:

Ẹ̀rọ ti gba àkọsílẹ̀ àká. Ìdì 94 wà tí a kò tíì pààrọ̀.
Ìpààrọ̀ àpàṣẹsílẹ̀ wà: ojoojúmọ́, àbùlẹ̀ ààbò nìkan.
A ti pààrọ̀ ìdì 94. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn kó lè dójú ìwọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo kọ́kọ́ kà wọ́n fún. Nígbà tó gbọ́ àkọ́kọ́, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.” Ní èkejì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó béèrè pé: “Ta ló pàṣẹ?” Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa bí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà wọ́n fún ẹnì kan tí kò gbọ́ orúkọ apt rí. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ẹ bi í pé kí ló kù láti ṣe, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ síbí bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde.